Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ṣáàsì

Mo máa ń bínú. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ẹnu oníwà tútù ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi ìbínú mi dáná, iṣu á jinná lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni àkọ́bí, èmi ni àbíkẹ́yìn, ó sì dàgbà jù mí lọ débi pé ó lè bí mi. Bàbá wa kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló wá mú mi wá sí Èkó. Mo rántí ọjọ́ tí a dé, bó ṣe di ọrùn ọwọ́ mi mú nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, tó fà mí kọjá títì láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá, tí kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọwọ́ náà dùn mí di ọjọ́ kejì.

Panẹ́bítà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń tọ́ ara ọkọ̀ tó bá wọ́, ó sì ń jó irin tó bá já. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ náà, nígbà tí mo sì gba òmìnira mi tán, mi ò lọ ibì kankan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ń bá a ṣiṣẹ́. Abẹ́ igi máńgòrò kan ni ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Ìdímù, ní ẹ̀gbẹ́ títì. Àsìkò tí owó epo ń ṣàn nílùú ni mò ń sọ. Típà ò dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà náà, yanrìn ni wọ́n ń kó lọ, sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kó bọ̀, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́dún tó kọjá á wakọ̀ tuntun kọjá níwájú wa, á fun fèrè sí wa, àwa á sì juwọ́ sí i. Ọkọ̀ tuntun wọ̀nyẹn tún máa ń padà wá bá wa kí ó tó pẹ́, nítorí àwọn tó rà wọ́n ò mọ̀ ọ́n wà. Iṣẹ́ ò wọ́n wa.

Mi ò lè sọ ìgbà tí ojú ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wo iná ìjórin láìlo dígí dúdú, ó ní dígí náà kì í jẹ́ kí òun rí ibi tí irin ti ń yọ́. Bí ojú bá ti ta á lálẹ́, aya rẹ̀ á gé kùkúńbà lé e, bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti parí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa rìn lápá ọ̀tún. Gbogbo wa la dàrú lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá á wo ibi tí kò yẹ kó wò, ọkọ̀ á sì yọ sí i láti ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ó mọ́ wa lára. Kò mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lára. Bí ọkọ̀ kan bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, tí awakọ̀ bú u, á gbọn aṣọ rẹ̀, á ní, “Ìjọba ló yí ọ̀nà padà mọ́ wa lórí, ojú mi ò tíì mọ́ ọn.” A máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an máa ń rẹ́rìn-ín jù. Bí aya rẹ̀ bá sì di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú létí títì, á já a gbà. “Ṣé mo ti yarọ ni?”

Nígbà tó wá di pé ó ń béèrè hámà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rò pé ọ̀lẹ ń ṣe é ni.

Àárín ìgbà yẹn ni ìyá kan wọ́ ọkọ̀ kan wá láti Akówonjọ. Ará ìjọ Aládùúrà ni, ẹsẹ̀ lásán àti aṣọ funfun ló fi máa ń wá bá wa nígbà tó bá ń ti ìsìn bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, wọ́n gbé ọkọ̀ sẹ́yìn ilé, koríko hù láti ilẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì yọrí lójú fèrèsé. Ó pẹ́ débi pé apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí kí ìjọba tó yí ọ̀nà padà ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, alángbá méjì sá jáde. Nígbà tí a fẹ́ tì í padà, kò tì mọ́.

Mo sọ fún ìyá náà pé kó tà á fún àwọn onírin. Mo ní owó wà nílùú, kó ra tuntun jàre.

Ó wo ojú mi. “Ọkọ mi ò fi nǹkan míì sílẹ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀. Inú ẹ̀ ni wọ́n á máa jókòó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. “A máa ṣe é, Màmá. Ẹ má dá a lóhùn, ẹnu ẹ̀ ló ń yun ún.”

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí irú ọkọ̀ náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé èèyàn. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ní ṣáàsì, irin méjì gbọọrọ tó wá láti iwájú dé ẹ̀yìn, orí rẹ̀ ni ara ọkọ̀ jókòó lé. Bí ara bá jẹrà, egungun ṣì wà. Eléyìí kò ní ṣáàsì. Ilẹ̀ rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀, àwọn náà ni egungun rẹ̀. Ìpẹtà sì ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á ya bí àkàrà àná. Bí èèyàn bá kàn gé ibi tó jẹrà náà kúrò bẹ́ẹ̀, àárín ọkọ̀ á rì, kò sì sí àdúrà tó máa gbé e dìde. Nítorí náà, èèyàn á kọ́kọ́ tọ́ ọ, á fi jáàkì gbé e, á fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ igi, á fà á títí á fi tọ́. Nígbà tó bá tọ́ tán, á wá jó páìpù irin dábùú inú rẹ̀, láti òpó ilẹ̀kùn dé òpó ilẹ̀kùn, láti òsì dé ọ̀tún, kó má baà lè yẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè fọwọ́ kan ibi tó jẹrà. Ẹni tó bá jó irin ìdábùú mọ́ ọkọ̀ tó ṣì wọ́, wíwọ́ náà ló tì mọ́ inú rẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á dán, á lẹ́wà, tó bá dójú ọ̀nà, á máa fa ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí òjò bá sì rọ̀, kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni tó wà nínú ẹ̀.

Okùn ni ẹ̀gbọ́n mi fi máa ń wọ̀n ọ́n. Á so ó láti ihò kan níwájú lápá òsì lọ sí ihò kan lẹ́yìn lápá ọ̀tún, á ta kókó sí i, á wá gbé okùn kan náà lọ sí ìdàkejì. Bí kókó bá bọ́ sí ojú ibi kan náà, ọkọ̀ ti tọ́. Lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí, ihò méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lápá kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì jìnnà síra; ọ̀kan náà lèèyàn gbọ́dọ̀ lò lápá méjèèjì. Ọjọ́ kẹta tí a ti ń fà á, ẹ̀gbọ́n mi so okùn, ó fọwọ́ wá kókó rẹ̀, ó dìde, ó ní, “Ó ti dọ́gba. Gbé páìpù wá.”

Mo wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti òpó. Lókè, ìka kan á wọ̀ ọ́. Nísàlẹ̀, bébà lásán ò ní lè kọjá. Mo sọ̀rọ̀, ó ní ilẹ̀kùn ló gbó. Òun ni ọ̀gá, mo gbé páìpù wá, ó jó wọn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó lọ kírun Aláásárì, mo ní èmi á kí tèmi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Okùn náà ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe so ó, àpá ibi tó ti kọ́kọ́ so ó sì ṣì hàn nínú ìpẹtà lápá kejì. Nínú ihò méjì ẹ̀yìn yẹn, èyí tó súnmọ́ iwájú ló lò lápá kan. Lápá kejì, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló lò. Mo dùbúlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, mo ń wo ihò méjèèjì. Ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan ò lè ṣi ihò yẹn, àfi tí kò bá rí i. Gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́kàn mi nígbà náà, hámà tó ń béèrè, kókó okùn tó ń fọwọ́ wá, ìjọba tó yí ọ̀nà padà. Ẹ̀rù bà mí. Inú sì tún ń bí mi, nítorí mo rántí àwọn ọkọ̀ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí a ti kùn, tí a ti fọ̀, tí àwọn tó ni wọ́n wà wọ́n lọ pẹ̀lú ọpẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé mélòó nínú wọn ló wọ́. Títí di òní, mi ò mọ̀.

Nígbà tó dé, ìyá aláṣọ funfun ti wà níbẹ̀, ó wá wo iṣẹ́, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wá fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé abẹ́ ilẹ̀kùn.

“Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fa okùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Torí kí ni?”

“Kò dọ́gba.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tanná sí i jàre.”

“Ihò tẹ́ ẹ so ó mọ́ lápá ibí yìí kọ́ nihò ẹ̀. Èkejì ni.”

“Èkejì wo? Àbí o ti mu nǹkan ni?”

Ó na ọwọ́ kó gba iná ìjórin lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó di afẹ́fẹ́ mú. Ó tún un nà. Mo pariwo.

“Ẹ ò ríran mọ́! Bọ̀dá, ẹ ò ríran mọ́, ẹ sì fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ wíwọ́!”

Àwọn onítáyà tó wà lódìkejì títì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ìyá náà gbé abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Jésù,” jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà. Ó wá fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó fọwọ́ rá a títí ó fi rí i, ó dé e, ó jáde lọ sí ojú títì. Òdìkejì títì náà nilé wa wà. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e, iná ìjórin ṣì wà lọ́wọ́ mi. Típà kan tẹ búrékì lójijì, yanrìn ya sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ yọrí, ó ní, “Baba, you no dey see?”

“Ìjọba ló yí ọ̀nà padà!” ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó má bínú pé mo sọ ọ́ lójú ọjà. Mi ò ní kó má bínú pé mo sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá tún fẹ́ fi ọmọ èèyàn sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, màá tún pariwo. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ. Aya rẹ̀ sìn mí jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

“Ó ti pẹ́,” ló wí. “Mo máa ń yọ egungun ẹja kúrò kí n tó gbé oúnjẹ fún un. Tí mi ò bá yọ ọ́, á jẹ ẹ́ mọ́ ọn.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ ò sì sọ?”

“Kí n sọ kí ni? Iṣẹ́ yẹn nìkan ló ní. Tó bá ní òun ò ríran, kí ló kù?” Ó fi etí ìró nu ojú.

Ọkọ̀ náà wà lórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ máńgòrò, páìpù dábùú inú rẹ̀. Kò ní gbà mí ju àárọ̀ kan lọ láti gé wọn kúrò, kí n tọ́ ọ, kí n tún wọn jó. Mi ò fọwọ́ kàn án. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a kì í tú iṣẹ́ ọ̀gá láìjẹ́ pé ọ̀gá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí a tú u. Ẹni tó bá tú u ti kéde pé ọ̀gá ti kú sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá aláṣọ funfun wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun á wọ́ ọkọ̀ òun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ní Ìkòtún. Mo ní kó ṣe sùúrù. Èmi tí mò ń bẹ ẹlòmíì pé kó ṣe sùúrù! Nígbà tó rí i pé mi ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó béèrè ilé wa, ó kọjá títì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Aya ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ìyá náà kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀ ojú, kò sọ̀rọ̀ okùn. Ohun tó sọ ni pé, “Ọ̀gá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ mi ló fẹ́ jókòó síbẹ̀.” Ó dìde, ó ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìró típà ló dúró gbọ́ títí tí ọ̀nà fi dá kó tó sọdá. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, ó ki ìka bọ àlàfo ilẹ̀kùn lókè, ó fà á wá sísàlẹ̀ títí ìka fi há. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣe bákan náà. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Ihò wo ni mo lò?”

Mo mú ìka rẹ̀, mo fi bọ ọ́.

“Èwo ló yẹ kí n lò?”

Mo gbé ìka náà sínú èkejì. Ó fi ìka wọn àárín ihò méjèèjì lọ, ó wọ̀n ọ́n bọ̀. Mo yí ojú sí ibòmíràn.

“Gé gbogbo ẹ̀ kúrò,” ló wí.

Mo gé páìpù tó jó mọ́ ọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. A so ẹ̀wọ̀n mọ́ máńgòrò, èmi ń fi irin yí i kó lè máa fún, òun tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sára òpó ilẹ̀kùn. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó ń fọwọ́ gbọ́ ọkọ̀ náà bí agbẹ̀bí ṣe ń gbọ́ ikùn aboyún. “Ó ń bọ̀,” á wí. “Ó ń bọ̀. Dúró. Irin yẹn fẹ́ já, dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó yá, máa fà á.” Nígbà tí mo so okùn, mo so ó mọ́ ihò tó yẹ, ó sì dúró sẹ́yìn mi.

“Kí lo rí?”

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ rí fún mi. Kò béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ mi rí. Mo ní, “Ó dọ́gba, Bọ̀dá.”

“Tún un wò.”

Mo tún un wò. Ó dọ́gba. Ó bọ́ dígí dúdú tí kì í lò kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, èmi ni mo sì jó irin ìdábùú náà lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó sórí táyà, ó kọjú sí ibi tí iná ti ń tàn, kò sì fọwọ́ bo ojú. Mo ní kó yíjú, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìka kan, ilẹ̀kùn sì wọlé. Ó ṣí i, ó tún un tì.

Ó di ìrọ̀lẹ́, a palẹ̀ mọ́. A dúró létí títì, típà ń lọ, típà ń bọ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ń retí kó dárúkọ ìjọba. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ mi, láìyíjú, bí ẹni tó ń wá ògiri nínú òkùnkùn.

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fà á kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá. Nígbà tí a dé òdìkejì, mo rí i pé mo ti dì í le ju bó ṣe yẹ lọ.

“Bọ̀dá, ṣé ó ń dùn yín?”

“Máa lọ,” ló wí.

Mi ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé.